Ogún Ọmọdé, Pádì Méjì

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá

  Ọlọ́run tó jẹ́ kí a rí ọdún kẹwàá yóò jẹ́ kí a rí ogún, yóò jẹ́ kí a rí àádọ́ta.

Nígbà tí Akọ̀wé pè mí pé èmi ni n ó sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí, ó ní kí n sọ̀rọ̀ nípa owó, torí pé báńkì ni mo ti ń jẹun. Mo ní rárá. Láti ọdún mẹ́wàá ni ẹ ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ owó lẹ́nu mi. Eré ni mo fẹ́ sọ lónìí, eré Sega. Mo ti rí àwọn kan tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀.

Àwọn bàbá wa ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. A ti ṣe mẹ́wàá nínú rẹ̀. Mo fẹ́ kí a jọ wo eré tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi mọ ara wa kí a tó mọ̀ pé a ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí a sì wò ó bóyá ohun kan wà nínú rẹ̀ tó lè gbé wa dé ogún.

Ẹ̀rọ náà

Fún ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ kò bá a láyé, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Sega Mega Drive jáde ní ilẹ̀ Japan ní 1988. Ó dé Amẹ́ríkà ní 1989, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Genesis, ó sì dé Yúróòpù ní 1990. Àpótí dúdú pẹlẹbẹ kan ni. A ó ki kásẹ́ẹ̀tì géèmù bọ ẹnu rẹ̀ lókè, a ó so okùn rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣàn, a ó tan án. Ìrántí tí ọpọlọ ẹ̀rọ náà fi ń ṣiṣẹ́ kò ju kílóbáìtì 64 lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ fi fóònù yà nínú gbọ̀ngàn yìí ní àárọ̀ òní ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Síbẹ̀, inú ibi tóóró yẹn ni pápá bọ́ọ̀lù wà, inú rẹ̀ ni rẹfirí wà, inú rẹ̀ ni ariwo èrò ìwòran wà.

Kò pọ̀ ní ìlú wa. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ bá ti London dé, tàbí ẹni tí òbí rẹ̀ bá lè náwó ní ọjà Aláàbà, ni yóò ní i. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá, iná 110 ló ń lò. Ẹni tó bá gbàgbé tiránsífọ́mà, tó kì í bọ iná NEPA tiwa tààrà, òórùn ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Èyí tó bá ti London wá, iná rẹ̀ bá tiwa mu, ṣùgbọ́n eré inú rẹ̀ falẹ̀. Tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà àti ti Japan ń pààrọ̀ àwòrán ní ìgbà 60 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ irú tiwa, ń pààrọ̀ rẹ̀ ní ìgbà 50. Ọ̀pọ̀ géèmù ni wọn kò tún ṣe kí ó lè bá ìyẹn mu, nítorí náà eré sísá inú wọn fi bí ìdá kan nínú mẹ́fà dín sí ti Amẹ́ríkà. Àwa kò mọ̀. A rò pé bó ṣe ń sáré nìyẹn.

Bí kásẹ́ẹ̀tì kò bá wá ńkọ́? A ó yọ ọ́, a ó fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí ìdí rẹ̀, a ó tún kì í bọ̀ ọ́. Gbogbo ilé ló ní ọmọ kan tí ẹnu tirẹ̀ jẹ́ oògùn. Àwọn Nintendo, tí wọ́n jẹ́ abánidíje Sega, kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà tiwọn pé kí wọ́n má ṣe fẹnu fẹ́ kásẹ́ẹ̀tì, torí pé ọ̀rinrin ẹnu lè jẹ́ kí irin inú rẹ̀ dípẹtà. Yíyọ tí a yọ ọ́ tí a tún kì í padà ló ń mú un ṣiṣẹ́, torí irin ti wá fara kan irin dáadáa. Oògùn ẹnu wa kò ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìyìn náà padà lọ́wọ́ ọmọ wọ̀nyẹn, kí ó dìde, wọ́n wà nínú gbọ̀ngàn yìí.

Ihò méjì

Níwájú ẹ̀rọ náà, ihò méjì ló wà. Ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ ti pádì kan. Ẹ fi ọkàn sí i, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ẹni tó ṣe é ti mọ̀ láti ibẹ̀rẹ̀ pé ẹni méjì ni yóò jókòó síwájú tẹlifíṣàn kan, èjìká sí èjìká, tí ẹnìkan yóò ná ẹnìkejì, tí ẹni tí wọ́n nà yóò sì tún wo ojú ẹni tó nà án.

Ṣùgbọ́n ní ilé wa, ènìyàn méjì kọ́ ló wà níbẹ̀. Mẹ́wàá ni, méjìlá ni, àwọn kan lórí àga, àwọn kan nílẹ̀, àwọn kan lójú fèrèsé torí wọn kò bọ́ bàtà. Pádì sì jẹ́ méjì. Òfin wá dé fúnra rẹ̀: ẹni tó bá pàdánù, kó gbé pádì sílẹ̀ fún ẹni tó kàn. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ onílé lè ní òun kò ní dìde torí bàbá òun ló rà á. Bí ó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan, a ó kùn. Bí ó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ilé á dá, òun nìkan á sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú Sega rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń pẹ́ kí ó tó mọ̀ pé ẹ̀rọ láìsí ẹgbẹ́, àpótí lásán ni.

Ní ìparí 1993, ilé-iṣẹ́ EA gbé FIFA International Soccer jáde fún Sega. Òun ni àkọ́kọ́ nínú gbogbo FIFA tí ẹ̀yin ọmọ wa mọ̀. Láti igun pápá ni wọ́n ti ń wo eré náà, orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù inú rẹ̀ kì í sì í ṣe orúkọ ènìyàn gidi. Àléébù méjì ló ní tí gbogbo ayé mọ̀. Àkọ́kọ́, bí rẹfirí bá ń bọ̀ wá fún ọ ní káàdì, o lè máa sá fún un yí pápá ká. Ìkejì ló burú: bí aṣọ́lé bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù jáde, o lè lọ dúró síwájú rẹ̀ gan-an. Bọ́ọ̀lù á bà ọ́, á padà sínú àwọ̀n. Góòlù ni!

Ẹ̀rọ gbà á. Ọ̀pọ̀ ilé kò gbà á. Ní ilé tí a ti ń ṣeré, ẹni tó bá jẹ góòlù lọ́nà bẹ́ẹ̀, a ó ní kò jẹ, bí nọ́ńbà tilẹ̀ ti yí lójú tẹlifíṣàn. Ẹ wo nǹkan yìí dáadáa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọmọ ọdún méjìlá, mẹ́tàlá ni wá, a sì ti mọ̀ pé ohun tí òfin kò dí lọ́wọ́ lè jẹ́ ohun tí kò yẹ ọmọlúàbí. Kò sí àgbàlagbà nínú yàrá yẹn. Àwa la jẹ́ àgbà fún ara wa.

Texas, oṣù Kẹfà 1994

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1994, ní ìlú Dallas ní ìpínlẹ̀ Texas, Nàìjíríà gbá bọ́ọ̀lù Ife Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Rashidi Yekini ló jẹ góòlù àkọ́kọ́, ó sì di àwọ̀n mú, ó ń ké. A na Bulgaria 3-0. Ní ọjọ́ kejì gan-an, ọjọ́ 22, ní ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas kan náà, Houston Rockets na New York Knicks 90-84 nínú ìfagagbága keje, wọ́n sì gba ife NBA. Ẹni tó gbé wọn dé ibẹ̀ ni Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Èkó ní 1963, tó ti ń ṣe bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù kí ó tó mọ básíkẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún yẹn, wọ́n fi í ṣe ẹni tó pegedé jù ní gbogbo sáà, wọ́n fi í ṣe adènà tó dára jù, wọ́n tún fi í ṣe ẹni tó pegedé jù nínú ìdíje àṣekágbá. Kò tíì sí ẹlòmíràn tó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní sáà kan.

Ọjọ́ méjì, ìpínlẹ̀ kan, àwọn ọmọ wa! Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dáyé nígbà náà kò lè mọ bí orí wa ṣe wú.

Àwa sì ti ní wọn nínú àpótí. Ní 1994 kan náà, Konami ṣe International Superstar Soccer fún Super Nintendo, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè inú rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún àwọn agbábọ́ọ̀lù jẹ́ àtọwọ́dá, àmọ́ aṣọ wa ni wọ́n wọ̀. Ọlájùwọ́n ní tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ gan-an àti ojú rẹ̀ gan-an ló wà nínú NBA Jam. Midway ló ṣe NBA Jam ní 1993 fún ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń ju owó ẹyọ sí, ó sì wọ Sega àti Super Nintendo ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta 1994. Michael Jordan kò sí nínú rẹ̀, torí pé ẹ̀tọ́ lílo orúkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Ọmọ Èkó wà níbẹ̀. Ta ló wá fẹ́ yan Chicago?

Òfin NBA Jam

Ẹni méjì sí ẹni méjì ni NBA Jam. Kò sí fáúlù. O lè ti ènìyàn ṣubú kí o gba bọ́ọ̀lù lọ. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ń fò ju òrùlé ilé lọ, ẹni tó ń ròyìn rẹ̀ á sì pariwo «Boomshakalaka!» Àmọ́ lábẹ́ ariwo yẹn, àwọn òfin kan wà tí mo fẹ́ kí a gbé lọ sílé.

Àkọ́kọ́ ni ti iná. Bí o bá ju bọ́ọ̀lù wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, iná á ràn lára bọ́ọ̀lù náà. Láti ìgbà yẹn, ibikíbi tí o bá ti jù ú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè tàsé. Ṣùgbọ́n iná náà kì í pẹ́. Bí ikọ̀ kejì bá ti ju ti wọn wọlé, iná kú. Bí ìwọ náà bá tún ti ju mẹ́rin wọlé lórí iná, iná kú. Kò sí ẹni tí ìwé òfin NBA Jam gbà láàyè kí ó máa jó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí iná ń jó lọ́wọ́ yín lónìí, a bá yín yọ̀. Ẹ rántí ẹni tí iná tirẹ̀ kú lánàá.

Ìkejì ni ti ìrànlọ́wọ́. Bí ikọ̀ kan bá ti já sẹ́yìn gan-an, ẹ̀rọ á rọra ràn án lọ́wọ́, á jẹ́ kí bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ó lè sún mọ́ ẹni tó wà níwájú. Àwọn kan máa ń bínú sí èyí. Wọ́n ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ jẹ́ kó jẹ èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń ṣe. Bí ẹnìkan bá ti mọ̀ pé òun kò lè bá a mọ́, á gbé pádì sílẹ̀, á lọ. Bí ó bá lọ, eré parí fún ẹni méjèèjì.

Ìkẹta ni ti ẹni tó kọ òfin. Mark Turmell ni olórí àwọn tó ṣe NBA Jam. Ọmọ ìpínlẹ̀ Michigan ni, Detroit Pistons ló fẹ́ràn, ó sì kórìíra Chicago Bulls. Nígbà tó yá, ó fúnra rẹ̀ sọ ọ́ jáde pé òun fi nǹkan pamọ́ sínú ẹ̀rọ náà: bí Chicago bá ń bá Detroit ṣe é, tí eré sì gún régé dé ìparí, bọ́ọ̀lù ìkẹyìn tí Chicago bá jù kò ní wọlé. Ẹni tó ń fi owó rẹ̀ ṣeré kò mọ̀. Á rò pé ọwọ́ òun ló gbọ̀n. Bí ọwọ́ ẹni tó ń kọ òfin bá wà nínú eré, tí ojú wa kò sì rí i, ẹni tó ń pàdánù yóò máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Nísinsìnyí

N kò wá bú géèmù ayé òde òní. Ó dára lójú, ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ ó yẹ kí ẹ̀yin òbí mọ ibi tó yí sí. Ní tiwa, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń ra kásẹ́ẹ̀tì, ohun gbogbo sì wà nínú rẹ̀. Ní 2009, EA fi ohun kan kún FIFA tí wọ́n pè ní Ultimate Team. Nínú rẹ̀, ènìyàn lè fi owó gidi ra páálí tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù ńlá lè jáde, èyí tí kò wúlò sì lè jáde. Ní 2018, àjọ tó ń mójú tó tẹ́tẹ́ ní Belgium sọ pé irú páálí olówó bẹ́ẹ̀ tako òfin tẹ́tẹ́ ilẹ̀ wọn. EA ṣíwọ́ títa á níbẹ̀ ní 2019.

Nídìí iṣẹ́ mi, mo ti rí òbí tó wá bá wa jà pé wọ́n jí owó òun. A tú ìwé rẹ̀ wò pọ̀: owó kékeré, owó kékeré, ní òru, léraléra. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tó wà nílé ni. Olè kọ́ lọmọ náà. Ó dá wà nínú yàrá ni, ó ń bá ẹni tí kò rí ojú rẹ̀ díje, kò sì sí ẹnìkan lójú fèrèsé tí yóò sọ fún un pé, ìwọ, ó tó, gbé pádì sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí a ṣe

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ wo àwọn àga tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Àwọn kan ṣófo. Lára àwọn tó ni wọ́n, àwọn kan ti lọ sí òkè òkun, a kí wọn. Àwọn kan ti lọ sí ọ̀run, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú ìlú yìí. Wọn kò ṣàìsàn, wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Owó ẹgbẹ́ ni wọ́n jẹ, owó ìtanràn sì gorí rẹ̀, ó di òkè. Nígbà tí aṣọ Ojúde Ọba tún dé, wọ́n wo iye rẹ̀, wọ́n gbé pádì sílẹ̀, wọ́n lọ. Mo mọ̀ wọ́n, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Èyí tí ẹnu rẹ̀ ń jí kásẹ́ẹ̀tì dìde wà lára wọn.

Mo ti bá Akápò sọ̀rọ̀, mo sì ti gba àyè lọ́wọ́ Alága láti gbé ohun mẹ́ta síwájú yín lónìí, kí a lè dìbò lé e ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Èkíní, kí a fa igi lé gbogbo owó ìtanràn tó wà lọ́rùn ọmọ ẹgbẹ́, kí ó ku ojú owó gan-an, kí a sì pín ìyẹn sí oṣù méjìlá fún ẹni tó bá fẹ́. Báńkì ń ṣe é fún àwọn oníṣòwò ńlá, kò sì sí ẹni tó pè é ní àánú. Ẹni tó já sẹ́yìn ni ẹ̀rọ ń ràn lọ́wọ́.

Èkejì, kí a máa lẹ ìwé owó ẹgbẹ́ mọ́ ara ògiri ní gbogbo oṣù mẹ́ta, ohun tó wọlé àti ohun tó jáde, títí kan ìdásílẹ̀ tí mo sọ yìí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹnìkan fi ọwọ́ pamọ́ sínú òfin.

Ẹ̀kẹta, kí a wá Sega méjì. Ó ṣì wà nílé àwọn kan, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn atijọ́. Ní gbogbo Sátidé ìpàdé, kí a gbé wọn sí yàrá ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn, kí àwọn ọmọ wa wá jókòó síwájú wọn. Àwọn ọmọ wa kò mọ ara wọn. Nọ́ńbà fóònù ni wọ́n mọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó èjìká sí èjìká, kí wọ́n pàdánù lójú ara wọn, kí wọ́n dìde fún ẹni tó kàn. Kí àwa náà wọlé lẹ́yìn ìpàdé. N ó mú Houston, ẹni tó bá fẹ́ lè mú Chicago.

Bí a bá fọwọ́ sí àwọn nǹkan yìí, kí ẹni méjì-méjì lọ sí ilé ẹnìkọ̀ọ̀kan tí àga rẹ̀ ṣófo kí oṣù yìí tó parí. Kí wọ́n má mú ìwé gbèsè lọ́wọ́. Kí wọ́n ní, ìwọ ló kàn.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún, òótọ́ ni. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú ká. Ọ̀rẹ́ wa kò ní di ọ̀tá. A kò ní fi ẹsẹ̀ ara wa kọ ara wa. Iná tó ń jó lọ́wọ́ wa kò ní jó wa. Ẹni tí tirẹ̀ kú, yóò tún ràn. Ọdún kẹwàá tí a jọ ṣe yìí, a ó jọ ṣe ogún, nínú àlàáfíà, nínú ọrọ̀, nínú ọmọ rere. Àṣẹ.